Ẹ̀jẹ́ Tí Mo Túmọ̀ sí Èdè Pàǹyá

Ọkùnrin tó ní kí n túmọ̀ ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè wa sí èdè Sípéènì ń jẹ dùndú lọ́wọ́ nígbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn kọ́ ló bí mi nínú. Ebi ń pa gbogbo wa. Ohun tó kó mi nírìíra ni pé, nígbà tó jẹun tán, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ohun tó máa fi nu ọwọ́, ló bá fa ọ̀kan nínú àwọn àsíá kéékèèké tí wọ́n kó sórí tábìlì de àwọn àlejò, ó fi nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àtàǹpàkò. Ó ká a dáadáa, ó dá a padà sáàárín àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí lójú, ó ní, "Màmá, a fẹ́ kí àwọn òyìnbó yìí mọ̀ pé ọmọlúàbí ni wá ní Igbó-Ọrà."

Mo ní mo ti gbọ́.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí. Alága ni n ó máa pe ọkùnrin náà, nítorí òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó máa gba àwọn àlejò náà. Ó ti di ipò mú rí. Ó búra kó tó wọlé, ó sì tún búra nígbà tó jáde pé òun kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì tíì bi í léèrè kó tó búra ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló jókòó síwájú mi, tí òróró dùndú ń dán létè rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́.

Àwọn àlejò náà ń bọ̀ láti ìlú kan ní òdìkejì òkun, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì. Wọ́n ti gbọ́ pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì tó Igbó-Ọrà, wọ́n fẹ́ wá fojú ara wọn rí i. Wọ́n ti ránṣẹ́ ṣáájú pé ìbejì tó bá fi èdè àwọn kí àwọn káàbọ̀, àwọn yóò rán àwọn méjèèjì lọ sí ilé-ìwé aládàáni kan ní Èrúwà, wọn yóò máa gbé ibẹ̀, wọn yóò máa jẹun ibẹ̀, títí wọn yóò fi jáde girama; ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè wa ni Alága yàn kí wọ́n fi kí wọn. Àyè méjì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè méjì yìí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ mi ni pé kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n mọ̀ ní gbogbo Ìbàràpá tó gbọ́ èdè náà. Èmi náà kò kà á níwèé. Pàǹyá ni mo ti gbọ́ ọ, erékùṣù inú òkun tí àwọn bàbá wa máa ń lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó láyé àtijọ́. Ọkọ mi bá iṣẹ́ káfíńtà lọ síbẹ̀, mo tẹ̀ lé e, mo ń ta òkìrìkà lọ́jà wọn. Nígbà tí a fi padà wálé, mo ti di Ìyá Pàǹyá lẹ́nu gbogbo ayé. Òkìrìkà náà ni mo ṣì ń tà títí di òní, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Èrúwà. Èdè ọjà ni mo gbọ́. Mo lè fi ná ọjà, mo lè fi bẹ̀bẹ̀, mo sì lè fi bú èèyàn kó dé ìdí ìran rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ rí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ kò ṣàjèjì sí mi. Ara ògiri ni mo ti ń rí wọn ní Pàǹyá, ọ̀rọ̀ ńláńlá tí wọ́n fi ọ̀dà kọ kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè kà á. Abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ògiri bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan tó wọ aṣọ agbófinró ti dá mi dúró, tó ní ìwé mi kò pé. Ìwé mi pé. Ó tú ẹrù mi sílẹ̀, ẹ̀wù àwọn ọmọdé ni, ó fẹ̀yìn ti ibi tí wọ́n kọ *honradez* sí, ìyẹn ìwà òtítọ́, ó sì ń fara balẹ̀ yan àwọn tó máa bá ọmọ tirẹ̀ mu. Ó tiẹ̀ bi mí bóyá mo ní èyí tó ní àpò níwájú. Bí mo ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, n kò sì gbàgbé rẹ̀ títí di òní olónìí.

Nítorí náà, nígbà tí mo jókòó sáàárín ẹrù òkìrìkà mi láti túmọ̀ ẹ̀jẹ́ wa, iṣẹ́ náà kò le. Ká jẹ́ olóòótọ́, ká má dalẹ̀, ká fi gbogbo agbára wa sin ilẹ̀ wa, kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ tó mọ́ ni gbogbo wọn, èdè Sípéènì sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tó le ni pé bí mo ṣe ń kọ wọ́n, ojú Alága ni mo ń rí. Mo bá lọ bu omi ṣan ẹnu, bí ẹni tó jẹ ohun tó ti kan.

Nígbà tí mo mú un lọ fún un, ó ní ó kúrú jù.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó gùn sí i. Ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ́ àwọn ọmọdé."

Kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Gígùn rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ń ra okùn. Mo ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó ní kò burú, kí n wá bá òun kọ nǹkan kan sábẹ́ àwòrán òun tí wọ́n máa tẹ̀ sára bánà ńlá tó máa wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni kí n kọ? Ó ní kí n kọ "Ìránṣẹ́ Àwọn Ará Ìlú." Mo kọ ọ́ fún un: *Servidor del pueblo*. Mo délé, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi. Ọkọ mi bi mí bóyá mo fọwọ́ kan ẹja ni, mo ní ẹja sàn jù ú lọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò fi gbé iṣẹ́ náà jù sílẹ̀. Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọmọ tó ń ti abúlé rìn wá síléèwé pẹ̀lú ìrì lẹ́sẹ̀, mo sì mọ ohun tí àyè ilé-ìwé yẹn máa ṣe fún ọmọ méjì nínú wọn.

Wọ́n ní kí èmi náà dán àwọn ọmọ wò, kí n mọ àwọn tí ahọ́n wọn máa yí. Ìbejì bá ya bo ṣọ́ọ̀bù mi. Ní ìlú wa, Táyé àti Kẹ́hìndé kì í ṣe orúkọ tí èèyàn fi ń dá ẹnì kan mọ̀. Bí o bá pe Táyé lójú títì, ọlọ́kadà mẹ́ta lè dúró. Àwọn kan gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń bá ara wọn jà pé ta ni kó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìbejì ọkùnrin kan wà, ọ̀kan mọ apá àkọ́kọ́, èkejì mọ ìdajì ìkẹyìn, kò sì sí bí mo ṣe ṣe é tí ọ̀kan fi mọ gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ mélòó kan yẹn, n kò ní purọ́.

Lẹ́yìn náà ni Kẹ́hìndé kan wọlé, òun nìkan. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Mo mọ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń din gààrí lẹ́yìn ọ̀nà tó já sí oko. Mo sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibà ló mú èkejì rẹ̀ ní abúlé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, òjò sì ti ba ọ̀nà jẹ́. Kí wọ́n tó rí ọ̀kadà tó máa gbé e wá sí ìgboro, ẹ̀mí ti bọ́.

Níbi tiwa, a kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń sọ pé ó lọ sí ọjà. Ìyá ìbejì kò sì gbọdọ̀ sunkún rẹ̀, kí ti ọjà má baà wá pe ti ilé. Mùsùlùmí ni ìyá rẹ̀, kì í bọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé kó má bẹ̀rù. Bí ó bá bu ẹ̀wà fún Kẹ́hìndé, á bu díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ẹni tó lọ sí ọjà. Àwọn aládùúgbò náà kì í gbàgbé. Wọ́n á kí ọmọ náà, wọ́n á ní, "Kẹ́hìndé, Táyé ńkọ́?" Ọmọ náà á ní, "Ó lọ sí ọjà." Mo ti gbọ́ ìdáhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ títí, bí ìgbà tí ọmọdé ń ka nǹkan tó há sórí.

Ẹ̀jẹ́ náà kò pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ lórí. Kò kàn mọ̀ ọ́n. Ó ń béèrè. Kí ni èyí túmọ̀ sí? Kí ló dé tí wọ́n fi èyí ṣáájú? Mo ránṣẹ́ sí Alága pé mo ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, àmọ́ ẹnì kan ni. Ó wá fúnra rẹ̀. Ó tẹ́tí gbọ́ ọmọ náà, ó ní ó dára. Ó ní èkejì rẹ̀ ńkọ́. Mo ní ó lọ sí ọjà.

Ojú rẹ̀ wá tàn.

"Òun la máa mú," ló wí.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé ó jọ pé àánú kù díẹ̀ nínú ọkùnrin yẹn. Pé nínú gbogbo ìbejì tó pé, ọmọ tí èkejì rẹ̀ ti lọ ló mú. Ọkọ mi kàn rẹ́rìn-ín. Ó ti bá irú wọn ṣiṣẹ́ rí.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọkọ̀ Alága fi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fa ọmọbìnrin kan jáde lẹ́yìn ọkọ̀, ọmọ àbúrò ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti di irun fún un lọ́nà tí ìyá Kẹ́hìndé gbà ń di ti ọmọ rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ gbé ẹ̀wù méjì lọ́wọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n, aláwọ̀ ewé, wọ́n fi funfun gbá wọn létí.

Alága ní, "Táyé rèé o, Màmá."

Mo ní, "Táyé ta ni?"

"Táyé Kẹ́hìndé yín."

N kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Mo ní ṣebí wọ́n mọ̀ pé Táyé ọmọ náà ti… mo dákẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kì í jáde lẹ́nu wa.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó lọ sí ọjà? Ó ti dé nìyẹn."

Awakọ̀ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Mo ti rí ìwà burúkú láyé mi. Wọ́n ti já mi lólè ní èdè méjì. Ṣùgbọ́n n kò rí i rí kí èèyàn mú ọ̀rọ̀ tí a fi ń bo ojú ọgbẹ́ ìyá ọlọ́mọ, kó fi ṣe ẹ̀rín, kó sì tún fi wá àyè ilé-ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ìdí tí ojú rẹ̀ fi tàn lọ́jọ́ kìíní. Gbogbo ìbejì yòókù ló pé. Kò sí ìyá tó máa yọ ọmọ rẹ̀ kan kúrò kí ọmọ àna Alága lè bọ́ síbẹ̀. Àyè méjì ni wọ́n ń fún ìbejì, ibi tí ikú ti kọjá nìkan ni èèyàn ti lè rí ọ̀kan tó ṣófo. Ó ti ń wá ibẹ̀ kiri, èmi ni mo fọwọ́ mi tọ́ka sí i.

Mo ní n kò ní kọ́ ọmọ náà. Ó ní kò burú, òun á mú ìbejì mìíràn, kí Kẹ́hìndé máa lọ sílé. Ó mọ̀ pé mi ò lè jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀.

Mo gba ẹ̀yìn ọ̀nà lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó wà nídìí agbada, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n, ó ń fi igbá yí gààrí. Mo kí i, mo ní, "Ìyá Ìbejì, mo mú ọ̀rọ̀ kan wá."

"Mo ti gbọ́, Ìyá Pàǹyá. Wọ́n ti wá bá mi."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní ó dáa."

"Ó dáa? Kí wọ́n máa pe ọmọ ọlọ́mọ ní Táyé lójú yín?"

Kò dáwọ́ gààrí rẹ̀ dúró. Bí èèyàn bá dáwọ́ dúró, á jóná. "Ẹnu ni wọ́n á fi pè é," ó ní. "Mi ò ní dáhùn. Ìyá Pàǹyá, ọmọ yìí mọ̀wé. Ẹ wò mí. Ṣé ẹ fẹ́ kó wá máa fi ojú gba èéfín báyìí lẹ́yìn mi?"

Inú bí mi sí i. Inú sì tún bí mi sí ara mi pé inú bí mi sí i, èmi tí ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bẹ láyé. Mo ní, "Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ńkọ́, kí ló sọ?" Ó ní kò sọ nǹkan kan. Ó ní ọmọdé ni.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn méjèèjì. Ọmọ àna Alága kò ṣẹ̀ mí, kí n sọ òdodo. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀rù sì ń bà á. Lọ́jọ́ kan ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyá, ṣé n ó máa jẹ́ Táyé lọ títí ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Nílé-ìwé náà ńkọ́?" Wọ́n ti sọ fún un pé tó bá dé ibẹ̀, orúkọ tó máa kọ sára ìwé rẹ̀ nìyẹn, kó má gbàgbé. Ọmọ kékeré, wọ́n ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé orúkọ òkú wọ̀.

Kẹ́hìndé kò pè é ní Táyé rí. Kò bá a jà, kò lé e. Bí ó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á ní, "Ìwọ." Wọ́n á dúró ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ níwájú mi, wọ́n á ní àwọn yóò jẹ́ olóòótọ́, àwọn kò ní dalẹ̀, ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Èmi ni mo kó òtítọ́ sí wọn lẹ́nu bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ náà, wọ́n ti wá fi ọkọ̀ mú ọmọ kejì lọ. Kẹ́hìndé kò tíì lọ. Ó ń bá mi ká aṣọ.

Ó ní, "Ìyá, ní èdè yìí, kí ni wọ́n ń pè é bí èèyàn bá kú?"

Mo wò ó. Mo ní, "*Morir* ni."

"Ṣé wọ́n máa ń sọ ọ́ síta?"

"Wọ́n máa ń sọ ọ́."

"Ti ìbejì ńkọ́?"

"Wọ́n á sọ ti ìbejì náà. Kò sí èèwọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn."

Ó ká ẹ̀wù kan tán, ó gbé e lé orí èkejì. Ó ní, "Mo wà níbẹ̀, ṣé ẹ mọ̀? Orí ẹní kan náà la jọ sùn sí. Ara rẹ̀ gbóná, lẹ́yìn náà kò gbóná mọ́. Wọ́n wá ní ó lọ sí ọjà. Mo ní kò lọ sí ọjà, wọ́n gbá mi lẹ́nu." Ó mú ẹ̀wù mìíràn. "Ìyá, báwo ni n ó ṣe sọ pé àbúrò mi kú?"

Àgbàlagbà mìíràn ì bá ní kó panu mọ́. Mo sọ ọ́ fún un: *Mi hermana murió*. Ó sọ ọ́ tẹ̀ lé mi. Mo tún un ṣe lẹ́nu rẹ̀, bí mo ṣe ń tún ẹ̀jẹ́ ṣe. Ó ní kí n tún kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń sọ pé èyí kì í ṣe àbúrò òun. Mo kọ́ ọ. N kò bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ti ṣe é, lábẹ́ àtíbàbà. Bánà Alága wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó ń wọlé, ìránṣẹ́ àwọn ará ìlú ní èdè Sípéènì. Àwọn àlejò kò pọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló ṣáájú wọn, irun rẹ̀ ti funfun, ó dé fìlà koríko. Wọ́n fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa ṣe ògbufọ̀. Gbogbo àsíá kéékèèké tó wà lórí tábìlì nígbà yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn, mo sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá èyí tó ní òróró.

Ìmáàmù ṣe àdúrà, pásítọ̀ ṣe àdúrà. Alága gba makirofóònù, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó fẹ́ kọ́kọ́ ka ẹ̀jẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó mọ ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, kò mọ ibi tó kàn mọ́, ló bá ń kùn bí ẹni tó ń kọ orin nínú balùwẹ̀, títí ó fi dé ibi tó ti dárúkọ Ọlọ́run, ó wá pariwo ìyẹn. Àwọn èèyàn rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tutọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló pe "Táyé àti Kẹ́hìndé wa."

Wọ́n jáde pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé wọn. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n sọ ẹ̀jẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ibi tí wọ́n ti ṣìnà. Àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, omi ń bọ́ lójú àwọn kan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n parí, tí ọmọ kejì ti fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, Kẹ́hìndé kò kúnlẹ̀. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ náà. Ó wo ìyá onífìlà yẹn, ó sì sọ ọ́ sínú makirofóònù, kò yára, kò gbọ̀n:

"*Mi hermana murió. Ésta no es ella.*"

Gbogbo pápá sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ìparí ẹ̀jẹ́ náà ni. Alága gba makirofóònù, ó ní, "Ẹ tún pàtẹ́wọ́ sí i! Ẹ ṣe é kó dún!" Wọ́n sì ṣe é kó dún. Àtẹ́wọ́ lọ, àtẹ́wọ́ bọ̀, lórí ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kò rí àyè sọ fún ọdún mẹ́rin.

Àwọn àlejò nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà náà ti fọwọ́ bo ẹnu. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní èdè ọjà mi, láìfi ohunkóhun pamọ́: ẹni tó kú, ẹni tí wọ́n yá wá, àti ẹni tó yá a. Ojú rẹ̀ pọ́n, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Alága ti sá dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní kí ni ìyá náà sọ. Mo ní, "Ó béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí ọmọ náà sọ. Mo ní òótọ́ ni." Ó fi ọwọ́ lu èjìká mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá wa. Ẹ ti gbé wa ga."

Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa retí: àyè méjì yẹn kò bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àlejò náà ò jẹun, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn padà sí Ìbàdàn, a ò sì gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Alága ní ọ̀nà ló rẹ̀ wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ wọn tó ṣí, ìyá Kẹ́hìndé ti la èrò kọjá dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wọ ìró rẹ̀ tó dára jù, gèlè rẹ̀ ṣì le lórí. Ó ní, "Ìyá Pàǹyá, kí lọmọ mi sọ tí òyìnbó fi ń sunkún?"

Mo lè purọ́ fún un. Gbogbo ohun tó yí wa ká lọ́jọ́ náà ló ń purọ́, bánà ń purọ́, ẹ̀wù ń purọ́. Tèmi ì bá kàn kún un ni. Mo wo ojú rẹ̀, ojú tó ti ń pọ́n láti ọdún mẹ́rin wá tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀ bóyá èéfín nìkan ni. Mo sọ ọ́ fún un ní Yorùbá. Mo ní, "Ó ní àbúrò òun kú. Ó ní èyí kì í ṣe àbúrò òun."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú iyanrìn pápá náà, ó sì bú sẹ́kún. Ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìròyìn náà wá bá. Àwọn obìnrin sáré bò ó. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ìyá Ìbejì, ẹ má ṣe é! A kì í sunkún ìbejì! Ẹ dákẹ́, ẹ rántí èyí tó kù!" Ọ̀kan ti fẹ́ fi ìborùn dí i lẹ́nu.

Kẹ́hìndé ti sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle. Ó gba àárín wọn wọlé, ó dúró níwájú ìyá rẹ̀, ó sì yọ ọwọ́ obìnrin yẹn kúrò.

"Èmi lẹ ní kó rántí, èmi náà rèé," ó ní. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sunkún."